Abọ́ Kikuya Tó Kù Sọ́wọ́ Wa

Ṣẹ́rẹ́ 7, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Yìnyín láti àná, kò dá.

Nọ́ọ̀sì Ogasawara ní kí n máa kọ ohun tí Bàbá bá jẹ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Mo ra ìwé yìí nítorí ẹ̀. Ohun tí Bàbá jẹ lónìí: ṣíbí ọbẹ̀ mẹ́ta, ìdajì ọsàn. Ó tán. Ojú ewé tó kù pọ̀ ju oúnjẹ lọ, n ó kúkú máa kọ tèmi náà sí i.

Ó gbé Bàbá sórí ìwọ̀n. Kílò 44. Nígbà ìkórè ìrẹsì, 52 ni. Ó fà mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ní dókítà ti sọ ọ́ pàtó: bó bá fi wálẹ̀ dé 42 kí oṣù Èrèlé tó parí, ilé ìwòsàn ni, wọ́n á ki rọ́bà oúnjẹ bọ inú ikùn rẹ̀, láti ibẹ̀ ó di ilé àwọn arúgbó ní ìlú kejì. Mi ò bi í bóyá àwọn tó ń lọ síbẹ̀ máa ń padà. Ìlú yìí lèmi náà ń gbé.

Ṣẹ́rẹ́ 9. Oòrùn díẹ̀. Mo kó yìnyín kúrò lórí òrùlé ilé ìdáná, ẹ̀yìn ń ro mí bí ẹni tí wọ́n nà.

Ẹ̀gbọ́n Setsuyo pè láti Chiba. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni, òun nìkan sì ni ọmọ tó kù fún Bàbá láyé. Ó ní òun ti gbọ́ ohun tí dókítà sọ, kí n má da ara mi láàmú, pé ọdún kẹsàn-án rèé tí Norihiko ọkọ mi ti kú tí mo ṣì ń fọ aṣọ bàbá ẹlòmíì. Àánú ló fi sọ ọ́, mi ò lè bínú. Mo kàn ní, "Ẹ̀gbọ́n, bàbá tèmi náà ni." Ó ní ká ṣì máa wò ó.

Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀ ni mo wá jókòó ro ó. Ìgbà wo gan-an ni Bàbá kọ oúnjẹ? Kì í ṣe ìgbà tí ìyá ọkọ mi kú, ó ń jẹun nígbà yẹn. Mo wo kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá tí mi ò tíì yọ kúrò lára ògiri. Ìparí oṣù Bélú ni. Ìgbà yẹn náà ni ilé oúnjẹ Kikuya ti ilẹ̀kùn pa.

Gbogbo ọ̀sán Sátidé ni Bàbá máa ń gbé fóònù pe ilé oúnjẹ yẹn, á ní, "Ilé Kumagai ni. Ọ̀kan." Kì í sọ ohun tó fẹ́. Wọ́n mọ̀ pé katsudon ni, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ díndín àti ẹyin lórí ìrẹsì. Ká tó sọ ọ́ tán, Ìyá Kikuya tó ń gbé oúnjẹ kiri ti gun alùpùpù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀, Bàbá Kikuya tó ń se oúnjẹ, ṣubú nínú ilé ìdáná rẹ̀, ìbàdí rẹ̀ kán, ọmọ wọn wá kó àwọn méjèèjì lọ sí Sendai. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, Bàbá gbé fóònù, ó gbọ́ bó ṣe ń dún tí ẹnikẹ́ni ò gbé e, ó rọra gbé e sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni.

Mo ti pinnu. N ó sè é nílé. Èmi tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ nìkan ni mo mọ̀ ọ́n dì mú, tó jẹ́ pé ìyá ọkọ mi ló ń dín gbogbo ohun tí à ń dín nínú ilé yìí títí tó fi kú.

Ṣẹ́rẹ́ 11, Sátidé. Yìnyín. Ẹyin mẹ́wàá ti di yẹ́ẹ̀nì 298.

Mo fi ìdí ìgò lu ẹran ẹlẹ́dẹ̀, mo fi iyọ̀ sí i, mo yí i nínú ìyẹ̀fun, mo rì í sínú ẹyin, mo yí i nínú èérún búrẹ́dì, gbogbo rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sẹ́yìn páálí. Òróró ti gbóná jù. Ó dúdú kí n tó ṣẹ́jú. Mo gbé e sórí àlùbọ́sà àti omi sóyà tó ń hó, mo da ẹyin lé e, ẹyin náà le bí ìsàlẹ̀ bàtà. Mo gbé gbogbo rẹ̀ lé ìrẹsì. Bàbá wò ó, ó wò mí. Ó fi igi ìjẹun mú ìrẹsì díẹ̀ láti abẹ́ rẹ̀, ó ní, "O ṣé," ó gbé igi náà sílẹ̀.

Èmi ni mo jẹ ìyókù. Ó tọ́ sí mi.

Ṣẹ́rẹ́ 15. Mo tún dán an wò. Ó sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n ta ni kò lè sàn ju ìyẹn lọ. Bàbá jẹ ṣíbí mẹ́rin nínú ọbẹ̀ rẹ̀, kò fọwọ́ kan ẹran.

Ṣẹ́rẹ́ 18, Sátidé. Òtútù tó ń já ni létí.

Mo ti mọ ọgbọ́n òróró. Bí èérún búrẹ́dì tí mo jù sí i bá rì dé àárín tó sì léfòó padà, iná ti tó. Ẹran náà pọ́n dáadáa, mo gé e, ó ń dún krá-krá lábẹ́ ọ̀bẹ. Inú mi dùn débi pé mo ń kọrin. Mo da ẹyin lé e, mo sáré gbé e dé iwájú Bàbá pẹ̀lú ooru rẹ̀ bí ẹni tó gbé iná lọ́wọ́.

Ó bù ú jẹ. Ohun líle yẹn bọ́ sábẹ́ eyín àtọwọ́dá rẹ̀, ó há a lọ́fun, ó wúkọ́ títí omi fi ń dà lójú rẹ̀. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Mo ń gbá a lẹ́yìn. Nígbà tó rọlẹ̀, ó yọ eyín náà, ó fọ̀ ọ́, ó nù ú, ó ní ká fi í sí ọjọ́ mìíràn. Kò tilẹ̀ bínú. Bó bínú ni, ì bá sàn fún mi.

Ṣẹ́rẹ́ 21. Kílò 43.4.

Mo gbé ìtìjú tà, mo kọ lẹ́tà sí Bàbá Kikuya ní Sendai. Kí ló fẹ́ mú kí ọkùnrin tó fi àádọ́ta ọdún kọ́ iṣẹ́ wá fi lé ìyàwó ilé kan lọ́wọ́ lásán? Ṣùgbọ́n mo kọ ọ́. Mo sọ fún un pé Bàbá ń kú lọ.

Ṣẹ́rẹ́ 24. Ilé ìtajà gbé aṣọ iléèwé ọgọ́ta wá fún mi, kí n ṣẹ́ etí wọn kí wíwọlé tuntun tó dé. Mo ń rán wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá, a fi ẹsẹ̀ sábẹ́ tábìlì oníná kan náà tó ń mú ẹsẹ̀ wa móoru. Kò sọ̀rọ̀, èmi náà ò sọ̀rọ̀. A ti mọ́ra báyẹn.

Ṣẹ́rẹ́ 29. Ojú ọjọ́ là.

Páálí kan dé láti Sendai! Lẹ́tà ojú ewé mẹ́rin, ìgò omi ọbẹ̀ dúdú kan tí wọ́n fi ìwé ìròyìn wé bí ọmọ ìkókó. Ó ní omi sóyà, ọtí ìrẹsì dídùn àti ṣúgà ni òun fi ṣe é, pé ó ti pé oṣù kan nínú ìkòkò. Ọkùnrin yìí kọ gbogbo rẹ̀ bí ẹni tó ń pín ogún: bí ẹran ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó ìka, bí àlùbọ́sà ṣe gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́. Ẹyin méjì, kí n má lù ú jù, "kí funfun rẹ̀ ṣì mọ̀ pé funfun lòun." Kí n dà á lẹ́ẹ̀mejì, kí n ka ení dé ẹ̀wá lẹ́yìn ìkejì, kí n pa iná. Ní ìsàlẹ̀ ó kọ ọ́ pé oníbàárà tó bá òun pẹ́ jù ni Bàbá, ó sì dun òun pé òun ò lè dágbére fún un.

Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Mo kọjú sí apá ibi tí Sendai wà, mo tẹrí ba títí orí mi fi kan ẹní. Bàbá ń wò mí, ó bi mí ohun tí mo ń wá nílẹ̀.

Èrèlé 1, Sátidé. Yìnyín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Mo ṣe é bó ṣe kọ ọ́, láìyọ ẹyọ kan. Mo tọ́ ọ wò, ojú mi là. Katsudon Kikuya ni, lójú tèmi. Mo gbé e fún Bàbá, mo jókòó, mo pa ọwọ́ pọ̀ lórí itan bí ọmọ iléèwé tó ń dúró de èsì.

Ó jẹ ẹnu méjì. Ó jẹ ẹ́ pẹ́, ó ń wá nǹkan nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó dùn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun."

Mo bi í kí ló kù. Ṣé iyọ̀ ni? Ṣé ṣúgà ni? Ó mi orí. Kò mọ̀ ọ́n, tàbí ó mọ̀ ọ́n tí kò lè sọ ọ́. Ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà, wọ́n ní, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ó yẹ kó mì díẹ̀ kí àwa tó kù lè rí nǹkan gbọ́. Mo bínú. Mo jáde lọ kó yìnyín tí ẹnikẹ́ni ò rán mi.

Èrèlé 3. Ọjọ́ tí Norihiko kú.

Mo tan àbẹ́là níwájú àwòrán rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án. Ara rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rántí, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìyẹn ohun tí mo rántí ni ọjọ́ kẹrin tí a sun òkú rẹ̀. Mi ò tíì fi nǹkan kan ẹnu. Àwọn ẹbí ń sọ̀rọ̀ lé mi lórí: ó máa padà sílé bàbá rẹ̀, kò bímọ, kí ló fẹ́ máa ṣe níbí. Bàbá dìde láàárín wọn, ó gbé fóònù, ó ní, "Ilé Kumagai ni. Ọ̀kan."

Nígbà tí abọ́ náà dé, kò gbé e síwájú ara rẹ̀. Iwájú mi ló gbé e sí. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣí ọmọrí rẹ̀. Ó jókòó ní òdìkejì, ó ní, "Máa jẹun, ìyàwó wa." Kò sọ nǹkan míì. Kò kúrò níbẹ̀ títí mo fi jẹ ẹ́ tán. Mò ń sunkún, mi ò lágbára láti jẹ ohunkóhun lẹ́nu, síbẹ̀ ó ń lọ fúnra rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún bi mí ìgbà tí n ó padà sílé bàbá mi. Mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Mi ò mọ ọ̀nà tí n bá gbé e gbà.

Èrèlé 4. 42.9.

Èrèlé 6. Ẹ̀gbọ́n Setsuyo ti rí ibùsùn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Èrèlé 25, òun fúnra rẹ̀ á wá bá wa gbé e lọ. Ohùn rẹ̀ ti há. Ó ní òun náà ò sinmi. Mo ní mo gbọ́.

Èrèlé 8, Sátidé. Mo tún sè é. Ẹnu kan.

Èrèlé 11. 42.5. Nọ́ọ̀sì Ogasawara fọwọ́ kàn mí léjìká nígbà tó ń wọ bàtà. Ìgbà tí nọ́ọ̀sì bá ń fọwọ́ kàn ọ́ léjìká, o ti mọ̀.

Èrèlé 13. Ìjì yìnyín, a ò rí ilé òdìkejì.

Mò ń wá àpótí tí n ó kó aṣọ Bàbá sí nítorí ọjọ́ 25. Ní ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù, kí ni mo rí? Abọ́ Kikuya, òdòdó aláwọ̀ búlúù lára rẹ̀, ọmọrí rẹ̀ lórí. Abọ́ ìkẹyìn nínú oṣù Bélú ni. Bàbá jẹun tán, ó fọ̀ ọ́ bó ṣe máa ń fọ̀ ọ́, ó gbé e síta lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n wá gbé e. Ẹnikẹ́ni ò wá. Ọjọ́ kẹta ni mo yọ ọ́ kúrò nínú yìnyín, mo gbé e wọlé, mo sì gbàgbé rẹ̀. Oṣù méjì ààbọ̀ pẹ̀lú ohun olóhun! Ojú tì mí. Mo pe Sendai kíá.

Ìyá Kikuya ló gbé fóònù. Mo ń tọrọ àforíjì, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní abọ́ wọn wà káàkiri ìlú yẹn, ká fi ṣe ogún. Ó ní, "Ìyá ọkọ rẹ nìkan ni kì í dá abọ́ padà lófìfo. Ọsàn kan á wà nínú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Mo máa ń jẹ ẹ́ lórí afárá." Ó wá béèrè Bàbá. Mo sọ fún un bí gbogbo rẹ̀ ṣe rí, títí dórí ọjọ́ 25. Ó bi mí bí mo ṣe ń gbé e fún un.

Mo ní, "Kíákíá ni, Mà. Láti orí iná. Mo ń sáré ni, kó má baà tutù."

"Ìyàwó, ibẹ̀ lo ti ṣì í. Ẹ̀yin lẹ kẹ́yìn ọ̀nà mi. Mo máa kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ dókítà eyín, mo yà níbi ìlagi, kí n tó wá gba orí afárá sọ́dọ̀ yín. Bí yìnyín bá wà, ogún ìṣẹ́jú. Gbogbo ìgbà yẹn, inú ọmọrí ló wà, tí alùpùpù ń mì í. Bàbá Kumagai ò jẹ katsudon tó ń bọ̀ láti orí iná rí."

Ó ní, "Ọkọ mi mọ bí wọ́n ṣe ń sè é. Bó ṣe ń rí nígbà tó bá délé yín, kò mọ̀. Èmi ni mo máa ń gbé e."

Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn aṣọ. Èmi náà ti jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, ó ń lọ fúnra rẹ̀, mi ò jẹ ẹ́ lẹ́nu rárá. Ó rọ̀ ni. Ẹnu mi gbàgbé, ìwé yìí ni mo sì fọwọ́ mi kọ ọ́ sí ní ọjọ́ mẹ́wàá sẹ́yìn.

Èrèlé 15, Sátidé. Àwọn ọmọdé ti gbẹ́ ilé yìnyín wọn sí etí odò, wọ́n ń pe èèyàn wọlé láti mu nǹkan gbígbóná.

Mo yára pa iná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹyin ṣì ń mì. Mo dé ọmọrí lé e, mo gbé e sórí tábìlì, mo ń wo aago. Ogún ìṣẹ́jú. Bàbá náà ń wò ó. Èmi àti òun ń ṣọ́ abọ́ kan bí ẹni tó ń ṣọ́ olè. Nígbà tí a ṣí i, òtútù inú ilé ti mú un, ọbẹ̀ rẹ̀ sì dúró sójú kan.

Àmọ́ ó jẹ ẹnu mẹ́fà. Mẹ́fà! Ó ní, "Ó ń bọ̀ lọ́nà." Mi ò mọ̀ bóyá ó mọ ohun tó sọ.

Èrèlé 18. 42.2. Ọ̀sẹ̀ kan ló kù.

Èrèlé 19. Yìnyín dá láàárọ̀. Èyí ni mo fẹ́ kọ dáadáa.

Mo sè é ní ìdajì wákàtí ṣáájú ọ̀sán. Mo kó o sínú abọ́ Kikuya, mo da ọmọrí dé e, mo fi aṣọ ìnura wé e, mo di aṣọ ìdìrù lé e. Mo wọ bàtà yìnyín, mo gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Bó bá jẹ́ ọ̀nà ló ń sè é tán, ó yẹ kó rìn ín.

Mo gba orí afárá, mo kọjá ibi ìlagi, mo dé ẹnu ọ̀nà dókítà eyín. Òun ló ń kó yìnyín níta. Ó kí mi, ó bi mí ta ni mò ń gbé oúnjẹ lọ fún.

"Ilé Kumagai."

"Ṣé kì í ṣe ilé tìrẹ nìyẹn?"

"Òun náà ni."

Ó wo ọ̀nà tí mo gbà wá, ó wo ìdìrù ọwọ́ mi, ó ní kí n rọra máa lọ. Ènìyàn dáadáa ni.

Mo padà dé iwájú ilé wa. Mi ò gba ẹ̀yìn wọlé. Mo tẹ aago ẹnu ọ̀nà, mo fa ilẹ̀kùn, mo pariwo bí Ìyá Kikuya ṣe máa ń pariwo: "Kikuya rèé o! A mà pẹ́, ẹ má bínú." Ìtìjú fẹ́ pa mí. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ Bàbá tó ń wọ́ bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó gbà á. Kò wo ojú mi.

Mo yí gba ẹ̀yìn wọ ilé ìdáná, mo yọjú láti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ó tú ìdìrù. Ó gbé ọwọ́ lé orí ọmọrí náà, ó dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń gbàdúrà, ó ṣí i. Ooru rẹ̀ bo dígí ojú rẹ̀. Kò nù ú. Ó ń jẹun pẹ̀lú dígí tó fọ́jú. Ẹran náà ti rọ̀, búrẹ́dì ara rẹ̀ ti mu ọbẹ̀, kò ní kó jẹ ẹ́ lẹ́nu pẹ́. Ẹyọ kan ló kù nínú ẹran, ìdajì ló kù nínú ìrẹsì. Mo ki épírọ́ọ̀nù bọ ẹnu kó má baà gbọ́ ẹkún mi.

Ó fọ abọ́ náà fúnra rẹ̀. Ó gbé e síta, sẹ́nu ọ̀nà. Mo yí gba ẹ̀yìn lọ gbé e. Ẹ̀yin òkú ilé yìí, ẹ ṣeun. Ìyá Kikuya, ẹ ṣeun. Gbogbo ẹni tó bá gbé oúnjẹ gba ọ̀nà yìnyín kọjá rí, ẹ ṣeun.

Èrèlé 20. Ó mu ògì ìrẹsì abọ́ kan láàárọ̀, ó béèrè ẹja. Ó béèrè!

Èrèlé 22, Sátidé. Mò ń rán aṣọ nígbà tí Bàbá dìde lọ síbi fóònù. Ó gbé e, ó sọ ọ́ sókè débi pé ilé ìdáná gbọ́: "Ilé Kumagai ni. Ọ̀kan." Ó gbé e sílẹ̀. Láti oṣù Ọ̀pẹ̀ ni wọ́n ti gé fóònù Kikuya. Mi ò mọ̀ bóyá ọpọlọ rẹ̀ ń lọ tàbí kò lọ síbì kan. Mo dìde, mo lọ gbé òróró kaná.

Ó jẹ gbogbo ẹran.

Èrèlé 25, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Òjò àti yìnyín pọ̀ mọ́ra, ilẹ̀ ń tú.

Ẹ̀gbọ́n Setsuyo wọ ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ dé. Àpótí aṣọ Bàbá ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì Ogasawara gbé e sórí ìwọ̀n, ó gbé e kúrò, ó tún gbé e pa dà síbẹ̀. 42.7. Ó ní àkọ́kọ́ rèé tó máa gòkè látìgbà ìkórè, òun á bá dókítà sọ̀rọ̀ kí wọ́n fún un títí Ẹrẹ́nà á fi parí.

Ẹ̀gbọ́n ní ìdajì kílò kì í ṣe ìwòsàn. Òótọ́ ni. Mi ò bá a jiyàn, ọ̀sán ti ń lọ. Mo sè é, mo gbé e jáde. Nígbà tí mo padà dé iwájú ilé tí mo pariwo orúkọ Kikuya, òun ló kọ́kọ́ yọjú. Ó wò mí pẹ̀lú òjò lórí mi, pẹ̀lú ìdìrù lọ́wọ́. Bàbá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní kó yà fún òun, oúnjẹ òun ti dé.

Ó jókòó ti bàbá rẹ̀ títí tó fi jẹun tán. Lẹ́yìn náà ó bá mi nínú ilé ìdáná, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Tazuko, mo ti sọ fún wọn kí wọ́n fún ẹlòmíì ní ibùsùn yẹn." Ó di ọwọ́ mi mú, bó ṣe kún fún òróró yẹn. Kí ó tó lọ, ó kó aṣọ Bàbá padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ẹrẹ́nà 4. 43.3. Ẹlẹ́dẹ̀ ti gbówó lórí. Kó máa gbówó lórí.

Ẹrẹ́nà 11. 44. Dókítà ní òun ò rí ìdí tí òun á fi tún máa sọ̀rọ̀ rọ́bà. Mo pe Sendai. Bàbá Kikuya gba fóònù, ó bi mí bóyá mo ka ení dé ẹ̀wá. Mo ní méje ni mo ń kà, pé ọ̀nà ló ń ka ìyókù. Mo gbọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹrẹ́nà 15, Sátidé. Yìnyín ìkẹyìn, ó ti di yìnyín líle lórí afárá.

Mo ṣubú. Ẹsẹ̀ mi yọ̀ ní àárín afárá, orúnkún mi bó, ṣùgbọ́n mo na abọ́ náà sókè bí ẹni tó ń gbé ọmọ kúrò nínú odò. Kò dà. Mo tiro délé, mo pẹ́ gan-an. Bàbá ti wà lẹ́nu ọ̀nà kí n tó tẹ aago. Ó gba abọ́, ó wo orúnkún mi, ó wọlé láìsọ nǹkan kan. Inú bí mi díẹ̀, ká sòótọ́.

Nígbà tí mo lọ gbé abọ́ náà níta, ó wúwo. Mo ṣí ọmọrí rẹ̀. Ọsàn kan wà nínú rẹ̀, bébà kékeré kan sì wà lábẹ́ ọsàn náà, tí ó fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n kọ nǹkan sí:

"Ìyàwó wa. Má gba orí afárá mọ́, ó ń yọ̀. Yí ilé ká lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti tó. N ó dúró."

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo bó ọsàn náà, mo jẹ ẹ́ tán. Mo wọlé. Ó ń wo tẹlifíṣọ̀n, kò yíjú. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sọ pé, "Bàbá, ẹ ṣé. Ti ọjọ́ yẹn." Ọdún mẹ́sàn-án kí ó tó jáde lẹ́nu mi. Ó ní kí n lọ fi oògùn sí orúnkún mi.

Ohun tí Bàbá jẹ lónìí: gbogbo rẹ̀.